Ohun Tí Ẹ Ń Bi Dẹ́rẹ́bà, Ẹ Bi Ẹ̀rọ

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìyáàfin Heidi Alexander, Mínísítà fún Ètò Ìrìnnà ní Ìlú Ọba

Ìyáàfin Mínísítà,

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ni yóò ka lẹ́tà yìí fún yín, bí ó bá tilẹ̀ dé iwájú yín. Kò burú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kan àwọn tó ń sọ èdè yìí ní London lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ: àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì 53 láti Plumstead wọ àárín ìlú, àwọn tó ń fi Prius gbé èrò láti alẹ́ mọ́jú, àwọn ìyá tó ń fa ọmọ lọ́wọ́ sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà kì í ṣe àlejò láàárín wa. Láti 2010 títí di 2018 lẹ fi ṣojú Lewisham East nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, lẹ́yìn náà lẹ di igbákejì olórí ìlú London tó ń bójú tó ìrìnnà. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìjọba tó mọ bí títì gúúsù London ṣe ń rí lọ́sàn-án àti lóru, ẹ̀yin ni.

Ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba yín kéde pé láti ìgbà ìrúwé ọdún 2026, àwọn ilé-iṣẹ́ yóò lè máa fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé èrò gbowó, láìsí ẹnikẹ́ni lórí àga dẹ́rẹ́bà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, apá ìparí ọdún 2027 ni Òfin Ọkọ̀ Tó Ń Wa Ara Rẹ̀ tí wọ́n buwọ́ lù ní 2024 yóò tó ṣiṣẹ́ tán pátá. Uber àti Wayve, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cambridge lọ́dún 2017, ti ní London làwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Waymo, tó jáde láti inú Google, ní òun náà ń bọ̀.

Kí ẹ má baà kà mí mọ́ àwọn tí n kò bá rìn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró. N kò bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá. Ẹni tó bá ti gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá lóru kò ní sọ fún yín pé áńgẹ́lì ni ọmọ aráyé tó ń wakọ̀. Dẹ́rẹ́bà ń tòògbé. Ó ń mutí, ó ń tẹ fóònù, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà láti ilé wá sójú títì. Lórí títì England, Scotland àti Wales, tó wà lára àwọn tó láàbò jù lágbàáyé, ènìyàn 1,624 ló bá ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ ní 2023. Bí ẹ̀rọ bá lè dín in kù, kó máa bọ̀. Ohun tí mo ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà kí ẹ tó jẹ́ kó gbé èrò, àti ohun tí òfin ń fi ojú rẹ̀ rí nígbà tó bá ṣèèṣì, kó jẹ́ òun náà ni ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ.

Ẹ wo ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó fẹ́ wa káàbù ní London ń là kọjá. Dókítà yóò yẹ ojú àti ọkàn rẹ̀ wò. Wọ́n á tú ìwé ọlọ́pàá rẹ̀ yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́. Á ṣe ìdánwò àwòrán ìlú, á fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, á tún jókòó ṣe èyí tí TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, ń pè ní SERU, ìdánwò lórí ààbò àti òfin, tí mo ti rí àgbàlagbà tó ti wakọ̀ títí irun fi funfun tó ń kà á sórí ní yàrá ìdáná bí ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC. Nígbà tó bá yege ni wọ́n á tó fún un ní báàjì tí yóò máa so mọ́ àyà. Ní ọjọ́ tó bá wá gbá ènìyàn, òfin ọdún 1988 ní kó dúró, kó sọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Bí kò bá rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún níbẹ̀, kó lọ bá ọlọ́pàá kí wákàtí 24 tó pé. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè fi oṣù mẹ́fà ṣẹ̀wọ̀n. Kó wá jẹ́ pé kámẹ́rà ọkọ̀ rẹ̀ gba gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi ìdajì han ọlọ́pàá, kó pa ìdajì mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí yóò sùn.

Ní báyìí, ẹ bá mi ká lọ sí San Francisco.

Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2023, obìnrin kan ń sọdá títì níbi tí òpópónà Market àti Fifth ti pàdé. Ọkọ̀ kan tí ènìyàn ń wà gbá a, ó sì sá lọ. Ó ti gbé e jù síwájú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Cruise kan tí kò ní dẹ́rẹ́bà, tó wà nínú lénì kejì. Ọkọ̀ náà tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó ti gbá a. Títí dé ibẹ̀, n kò lè ka ẹ̀sùn ńlá sí ẹ̀rọ lọ́rùn. Bóyá ènìyàn tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa kò ní lè ṣe jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e ni kí ẹ wò. Ọkọ̀ ti dúró, obìnrin náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà rò pé ẹ̀gbẹ́ ni nǹkan ti gbá òun. Wọ́n sì ti kọ́ ọ pé bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, kó yà sí ẹ̀bá títì kó má baà dí ọkọ̀ lọ́nà. Ló bá tún gbéra. Ó fi obìnrin náà wọ́lẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 kó tó dúró lẹ́ẹ̀kejì. Dẹ́rẹ́bà tó bá mọ̀ pé òun gbá ènìyàn (ẹ yọ èyí tó sá lọ yẹn kúrò) yóò bọ́ sílẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Kò sí ìdánwò tí wọ́n ti ń kọ́ni nìyẹn. Òfin yín sọ pé kí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ láàbò tó ti awakọ̀ tó ń fara balẹ̀ tó sì mọ iṣẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ awakọ̀ kì í parí nígbà tí táyà bá dúró. Ibẹ̀ gan-an ni apá tó le jù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ènìyàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà wá ṣe èyí tó burú ju ti ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí wọ́n dé iwájú àwọn aláṣẹ California lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí fídíò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ń já lu fídíò náà, kò ṣeé wò dáadáa, kò sì sí ẹni tó lanu sọ pé ọkọ̀ àwọn wọ́ ènìyàn nílẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, àwọn aláṣẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Òwe wa ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Ti Cruise kò lò tó oṣù kan. Ọ̀gá pátápátá ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà gbà níwájú àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ pé àwọn kọ ìròyìn èké sí àwọn tó ń ṣèwádìí, wọ́n sì gba owó ìtanràn 500,000 dọ́là lọ́wọ́ wọn. Oṣù tó tẹ̀lé e ni General Motors, tó ni Cruise, pa ilé takisí náà tì.

Ẹ má gbàgbé ohun tó ṣáájú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2023 kan náà ni ìgbìmọ̀ California dìbò 3 sí 1 pé kí Cruise àti Waymo máa gbé èrò gbowó tọ̀sán-tòru. Olórí àwọn panápaná San Francisco ti lọgun títí ṣáájú ìbò náà pé àwọn ọkọ̀ yìí ń dí àwọn lọ́nà níbi iná àti níbi ìjàm̀bá. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì dìbò. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìbò náà ni ọkọ̀ Cruise kan àti ọkọ̀ panápaná kọlu ara wọn.

Ti Arizona ti wà ṣáájú ìyẹn. Elaine Herzberg ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì ní Tempe lálẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2018 nígbà tí ọkọ̀ tí Uber ń dán wò pa á. Àwọn olùwádìí ìjọba rí i pé ọkọ̀ náà ti rí i ní ìṣẹ́jú-àáyá 5.6 kó tó gbá a. Kò mọ ohun tí yóò pè é ni. Ó pè é ní ọkọ̀, ó pè é ní kẹ̀kẹ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, bó sì ṣe ń yí orúkọ padà ló ń gbàgbé ibi tí obìnrin náà ti ń bọ̀. Àwọn tó kọ́ ọ kò rò ó pé ènìyàn lè sọdá níbi tí kò sí àmì. Ẹnì kan wà lórí àga dẹ́rẹ́bà o, fún ìṣọ́ra. Fóònù ló ń wò. Ta ni ó wá jẹ́jọ́? Ní 2019, agbẹjọ́rò ìjọba ní kò sí ẹ̀sùn ọ̀daràn tí òun lè fi kan Uber. Ẹni tó wà lórí àga ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́, òun ló gbà pé òun jẹ̀bi ní 2023. Mi ò gbèjà rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀ fún kò ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀bi, bó bá ń wá orí tí yóò bà lé, kì í sábà gun òkè àjà lọ bá ọ̀gá.

Òfin yín ti 2024 gbìyànjú lórí èyí, mo sì gbóríyìn fún un. Ó ní ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ kò ní jẹ́jọ́ ìwàkuwà ọkọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ ni yóò jẹ́ ẹ. Ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ parọ́ tàbí kó bo ohun tó jẹ mọ́ ààbò mọ́lẹ̀. Ó tún ṣètò àwọn olùṣèwádìí tí yóò dá dúró. Ó jọ pé àwọn tó kọ ọ́ ti gbọ́ ìròyìn San Francisco dáadáa. Kí ló dé tí a óò fi jẹ́ kí ọkọ̀ máa gbé èrò kí gbogbo rẹ̀ tó rọ́wọ́ mú?

Ẹ wá sí Old Kent Road ní òru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta. Ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Southwark nìkan, wọ́n rí 240. Púpọ̀ nínú wọn ló wà lójú títì yẹn àti ẹ̀yìn rẹ̀, nínú ilé tó ti jẹ́ wíàháòsì tàbí ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ẹ̀tì rí. Nígbà tí ìṣọ́ òru bá tú lẹ́yìn aago mẹ́rin ìdájí, èrò á ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Ìyá kan pọn èyí tó kéré, ó da kóòtù dúdú bò ó, ó fi ọwọ́ kan di èyí tó dàgbà mú, ó fi èkejì gbá ìdí kúlà ìrẹsì mú. Gèlè orí rẹ̀ ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Kò rin ìrìn dé ibi iná. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé àgbọ̀n sókè sí káàbù tó ń bọ̀, káàbù ṣẹ́ iná fún un, ó kọjá. Kò rú òfin kankan. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá lè mú u fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ní England, yàtọ̀ sí mọ́tòwéè, ibi tó bá wu ẹlẹ́sẹ̀ ló lè gbà sọdá. Gbogbo àdéhùn tó wà láàárín òun àti dẹ́rẹ́bà yẹn, ojú ni wọ́n fi ṣe é. N kò mọ ohun tí kámẹ́rà yóò pe gèlè yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n má ṣe fi àwàdà pa á rẹ́. Ní 2023, àwọn olùwádìí láti King's College London àti Yunifásítì Peking dán ètò kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tó ń dá ẹlẹ́sẹ̀ mọ̀ wò pẹ̀lú àwòrán tó lé ní 8,000. Wọ́n ní àwọn ètò náà ń rí àgbà ju ọmọdé lọ ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń rí aláwọ̀ funfun ju aláwọ̀ dúdú lọ ní ìdá 7.5. Ti aláwọ̀ dúdú ni àwọn ènìyàn wa gbé kiri lórí WhatsApp, inú sì bí wa, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe, ti ọmọdé ni wọ́n tẹnu mọ́, wọ́n sì fi ti obìnrin lóru kún un. Ẹ wo ìyá orí títì yẹn àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ padà. Lóòótọ́, ètò tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà ni wọ́n dán wò, kì í ṣe ti Waymo tàbí ti Wayve, ọkọ̀ tó bá sì ń lo iná lésà láti fi wọn ọ̀nà kì í wo àwọ̀ ara. Kí wọ́n wá jẹ́ kí ará ìta dán tiwọn wò, ọ̀rọ̀ á tán.

Wọn yóò kó nǹkan wá bá yín láti fi dáhùn. Waymo àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò Swiss Re jọ gbé ìwádìí jáde ní òpin 2024: nínú máìlì mílíọ̀nù 25.3, ẹ̀sùn ìpalára ara fi ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ènìyàn, ti ìbàjẹ́ dúkìá fi ìdá 88 dín. Mo gbà pé nǹkan ńlá ni. Bí mo bá sọ pé kò jẹ́ nǹkan kan, irọ́ ni mo ń pa. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ náà wà lára àwọn tó kọ ọ́, ìlú tí oòrùn ti ń ràn ní Arizona àti California ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti ikú ló tún yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND ṣírò rẹ̀ ní 2016 pé pẹ̀lú bí ènìyàn ṣe ń kú lójú títì Amẹ́ríkà, ọkọ̀ wọ̀nyí ní láti rin máìlì mílíọ̀nù 275 láìpa ẹnikẹ́ni kí a tó lè fi ìdánilójú sọ pé wọn kò burú ju ènìyàn lọ. Bí a bá sì ka máìlì, ikú ojú títì tiwa níbí kò tó ìdajì ti Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n fẹ́ borí níbí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ̀ka ìjọba yín náà fẹ́ràn láti sọ pé àṣìṣe ènìyàn wà nínú ìdá 88 ìjàm̀bá. Ó ṣeé ṣe. Ta ló ń ka èyí tí ènìyàn ò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀? Dẹ́rẹ́bà tó rí bọ́ọ̀lù tó yí jáde láti ẹ̀yìn fáànù, tó ti ń tẹ bíréèkì kí ọmọ tó yọ, kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Lórí iṣẹ́, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ dẹ́rẹ́bà ń sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ káàbù ní London lé ní 100,000, àwọn ènìyàn wa sì pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a pé òṣìṣẹ́ ni dẹ́rẹ́bà Uber, pé owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ àti ìsinmi tọ́ sí i. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni Uber kéde ọkọ̀ tí kò ní béèrè ìsinmi. Ẹ sọ fún wọn lójúkorojú ohun tí ìjọba ní lọ́kàn fún wọn. Wọn kì í ṣe ọmọdé.

Àwọn ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sínú ìwé àṣẹ tí ẹ ó fún àwọn ilé-iṣẹ́ yìí nìyí, láìdúró de 2027. Kó jẹ́ pé ẹnì kan tó ní orúkọ, tó ń gbé nílẹ̀ yìí, ni yóò dáhùn fún gbogbo ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ bá fún ìjọba, kó sì jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n ni ti èké, kì í ṣe owó ìtanràn tí wọ́n ti kà mọ́ owó ọjà. Kí wọ́n tẹ àbájáde ìdánwò wọn lórí ọmọdé, lórí aláwọ̀ dúdú àti lórí òru jáde fún gbogbo ayé kí ọkọ̀ kan tó gbé èrò kan. Òfin ní kí ẹ bá panápaná àti áńbúláǹsì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn lè dá nǹkan dúró, kó má rí bíi ti San Francisco. TfL gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí irú takisí bẹ́ẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní London, ẹ má sì fi ìkánjú tì wọ́n.

Bí ọkọ̀ kan bá sì gbá ènìyàn, kí gbogbo ohun tí kámẹ́rà, rédà àti lésà rẹ̀ gbà sílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sí ẹni tó gé e, wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wákàtí 24 tó pé. Iye wákàtí tí òfin fún dẹ́rẹ́bà nìyẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
ọmọ Yorùbá kan ní Southwark.